Ẹ Jẹ́ Kí Omi Sinmi

Ọkùnrin kan ju ìdì tíì sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù tíì, ojú rẹ̀ le. Gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun so ó mọ́ ibẹ̀.

“Tíì yìí korò bí jogbo!”

Ọmọbìnrin tó ń tajà wò ó tìyanutìyanu. “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ojú mẹ́ta lẹ fẹ́ fi bá mi jà ni?”

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan iwájú orí, ìtìjú mú un, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Alátùn-ún-ṣe aago ni. Kò pẹ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì.

“Báwo lẹ ṣe pò ó?” ni ọmọbìnrin náà béèrè.

“Mo da omi tó ń hó yaya lé e lórí.”

“Ẹ ti jó o nìyẹn. Ewé tútù làwọn ará Ṣáínà ká róbótó báyìí. Kò wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi iná bá jà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.”

Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Nígbà tó hó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó sì káwọ́ gbera.

“Kí la wá ń dúró dè?”

“Omi ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Nígbà tí ooru rọlẹ̀, ó da omi náà sórí ewé. Wóró tíì ń là lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́ tó sùn. Ọkùnrin náà mu ún. Kò korò. Adùn kékeré kan dúró sí ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀, kò fẹ́ lọ.

“Ẹ má da ewé yẹn nù o. Omi kejì ló ń dùn jù.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọdá títì. Tíṣà ló ń pe ọmọbìnrin náà. Oníkánjú ni ọmọbìnrin náà fi ń dá a lóhùn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé kì í ṣe tíì nìkan ló ń mú un wá.

Ọkùnrin náà wá lọ rí bàbá ọmọbìnrin náà, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tíì. Ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó sì gbé agolo aláwọ̀ wúrà kan dání, tíì olówó ńlá láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́rọ̀.

Bàbá yí agolo náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Èyí tí mò ń tà ńkọ́?”

“Mo rò pé ọjọ́ ńlá yẹ ohun ńlá ni, sà.”

“Ohun tó wà lórí pẹpẹ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ yìí. Bó bá kéré lójú rẹ lónìí, ọmọ tí mo fi tọ́ náà á kéré lójú rẹ lọ́la. Má sọdá títì yìí mọ́.”

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́...” ni ọmọbìnrin náà bẹ̀bẹ̀.

“Mo ti sọ ọ́.”

Ọmọbìnrin náà kò yọ́ jáde lọ bá a. Kò fẹ́ ìfẹ́ tí wọ́n ń fi pamọ́ bí ẹrù olè. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, bó bá ṣí ọmọrí kẹ́tùlù, tí ooru bo gíláàsì fèrèsé rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù aago ní òdìkejì a bò pẹ̀lú. Bí tibí bá mọ́, tọ̀hún a mọ́. Wọ́n á wo ara wọn láàárín òjò, wọ́n á sì tẹrí ba sídìí iṣẹ́ wọn.

Tíì tó mọ̀ bí ẹni mowó kò dùn lẹ́nu ọmọbìnrin náà mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ a máa bu ife méjì láìmọ̀. Èkejì a tutù síbẹ̀.

Bàbá kórìíra ìfiṣòfò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife tútù náà, ó mu ún tán, ó mú agboòrùn, ó sì sọdá títì fúnra rẹ̀.

Ó bá alátùn-ún-ṣe aago nídìí tábìlì, ife kan níwájú rẹ̀.

“Kí lò ń mu?”

“Tíì yín ni, sà.”

Bàbá tọ́ ọ wò. “Omi lásán nìyí!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ewé tó kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí ẹ ní kí n má wá mọ́ ni. Tí mo bá mu ún tán, mo máa ń sá a, mo tún máa ń pò ó. Àwọ̀ rẹ̀ ti lọ. Òórùn rẹ̀ ló kù díẹ̀.”

“Ṣé ṣọ́ọ̀bù tíì mìíràn ò sí ni?”

“Ó wà, sà. Ọwọ́ tó ń wọ̀n ọ́n fún mi ni kò sí níbẹ̀.”

Bàbá wo ewé náà, tó ti gbó bí àkísà. Látìgbà tó ti ń tajà, kò sẹ́ni tó tíì ṣìkẹ́ ọjà rẹ̀ tó báyìí.

“Dà á nù.”

“Rárá o, sà.”

“Mo ní o dà á nù! Tuntun wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ti fẹ́ fi ojú lu fèrèsé mi já.”

“Ẹ ṣeun, sà. Agolo ọjọ́sí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú...”

“Mo ti mu ún. Kò tó tèmi.”

Ọmọbìnrin náà rí ọkùnrin méjì lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo. Kẹ́tùlù ń hó. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Bàbá gba iwájú wọn kọjá, ó sì wá iṣẹ́ ṣe ní yàrá ẹ̀yìn.

“Oníkánjú.”

“Tíṣà mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ooru ń gòkè láàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kò béèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ó káwọ́ gbera, ó sì dúró.

Nígbà tí omi sinmi, ọmọbìnrin náà bu ife kan. Ó kọ́kọ́ mu níbẹ̀, ó sì gbé ìyókù lé e lọ́wọ́.

“Mo gbà. Tiwa ni ewé yìí o, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi lọ.”

“Bí àwọ̀ bá wá lọ ńkọ́?”

“Ṣebí o ti mọ bí wọ́n ṣe ń mu ún.”