Ọ̀nà Wákàtí Mẹ́fà

Àárín afárá odò Bartang ni Savsan dúró sí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní ìka rẹ̀, kò sì yẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀. Qadamsho tẹ bíréèkì.

"Àpò ọ̀dùnkún mélòó lẹ kó?" ni Savsan, olùkọ́ ìṣirò abúlé ibẹ̀, bi í.

"Méjìdínlọ́gọ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò méjìdínláàádọ́ta ààbọ̀. Ẹ fẹ́ rà á ni?"

"Ẹ kà á sí ọgọ́rin àpò, ẹ kà á sí àádọ́ta kílò. Ó ń lọ sí tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ọkọ̀ yín nìkan á tó mẹ́ta. Mẹ́fà ni afárá yìí ń gbà."

"Ẹ ti fi kún un. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀."

"Ó dín díẹ̀, kò lè dín ní odidi tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá fẹ́ iye tó péye gan-an, ẹ bi odò."

Qadamsho rẹ́rìn-ín, ó sọ ọgbọ̀n àpò kalẹ̀. Nígbà tó fi padà wá kó wọn, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà, kì í kọjá láìdúró mu tíì oníyọ̀ lọ́dọ̀ Savsan.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wá tọrọ Savsan láti fẹ́, Nazrisho, bàbá rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ọkọ̀ ló gbé ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sínú odò yẹn.

"Mi ò ní fún awakọ̀ lọ́mọ," ló wí. "Omi ti gba ọ̀kan."

Qadamsho kò jiyàn. Ọdún méjì ló fi ń kọjá, tó ń kí i, tí bàbá náà kì í dáhùn.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró Nazrisho dáṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ Qadamsho nìkan ló wà ní abúlé. Wọ́n gbé e sí iwájú, sí àárín Savsan àti Qadamsho, pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ tí nọ́ọ̀sì fún wọn, wọ́n dorí kọ ilé ìwòsàn ní Khorog.

"Kí lò ń kà lẹ́nu, Savsan?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Èmi ni mo bí ọ. Ọ̀nà yìí, wákàtí mélòó?"

Kìlómítà mẹ́tàdínlọ́gọ́fà àti díẹ̀ ni. Ọkọ̀ kò lè rìn ju mọ́kàndínlógún ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Savsan sún ọ̀kan dé ọgọ́fà, ó sún èkejì dé ogún.

"Mẹ́fà."

"Afẹ́fẹ́ inú ìgò ńkọ́?"

"Márùn-ún."

"Bóyá o ṣì í kà."

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yàtọ̀, Bàbá. Kò lè fi wákàtí kan."

Qadamsho fẹ́ tẹ iná mọ́ ọn. Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

"Rọra. Eré ló pa ọmọ mi. Ọdún méjì ni mo ti ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé, mi ò rí ọjọ́ tí o sáré. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́." Ó fa ọwọ́ Savsan, ó fi lé ti Qadamsho. "Máa tọ́jú rẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Qadamsho wí.

Igi ìlú ti ń yọ lókèèrè nígbà tí Nazrisho mí ìmí ìkẹyìn.

Ọdún yí po. Ìyá Savsan ló fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe Qadamsho. "Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ta ni yóò bá òkú jiyàn?"

Ìgbéyàwó náà kò ní orin. Ní ọ̀sán, ìyá bu ìyẹ̀fun láti fi wọ́n èjìká ọ̀tún ọmọ àti àna rẹ̀, bí a ti ń súre. Ó bú sẹ́kún, ìdajì ìyẹ̀fun náà sì dà sórí ẹní. Qadamsho di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀ títí ìyá fi sunkún tán.