Ariwo Tí Aláriwo Kò Pa

"Bọ̀dá mi, ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀! Ogun ń dúró dè wá, ẹ̀yin ń bá arúgbó pọnmi!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yí ojú kúrò. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń darí akọni inú géèmù náà lọ sídìí kànga.

"Aláriwo," ó ní, "ẹni tí a bá pàdé lọ́nà, a kì í fojú fò ó."

Aláriwo ni orúkọ tí ó fún àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí, orúkọ náà sì rò ó. Bí nǹkan bá ti yà á lẹ́nu báyìí, igbe ni. Ní apá kìíní géèmù náà, nígbà tí ọmọ tí gbogbo ìlú ń pè ní ojo fa idà yọ níwájú ọ̀tá, igbe Aláriwo mú kí ìyá wọn tí ó ń ránṣọ ní pálọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní apá kejì, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó ti fọ́ gbéra tí ó sì fò lọ sójú ọ̀run, àwọn ará ilé kejì sáré wá béèrè bóyá olè ló dé. Àwọn ará Jàpáàn ló ṣe géèmù náà, àmọ́ àwọn méjèèjì ti sọ àwọn akọni inú rẹ̀ di ẹbí. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n a fi ẹnu kọ orin ìṣẹ́gun, a máa fọwọ́ lu etí bẹ́ẹ̀dì bí aṣiwèrè.

Apá kẹta ni wọ́n wà báyìí, ó ku ogun àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n ń lọ. Jórinjórin ni, àwọn èèyàn sì rò pé iná irin ló fà á, àmọ́ dókítà ní àìsàn tó ń jẹ ojú láti inú ni. Ojú ọ̀tún ti kú pátápátá. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún tòsì, dókítà kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ó lè là, ó lè má là.

"Lọ́jọ́ Sátidé, èmi pẹ̀lú ẹ la máa ja ogun yẹn," ó ní. "Bí ojú yìí bá máa lọ, kó rí ìyẹn ná. Má fọwọ́ kàn án o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni, Bọ̀dá mi? Mo ti gbọ́."

Ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n wà níbi iṣẹ́, ìyá wọn gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Àwọn ọmọ kíláàsì Aláriwo méjì yà wá. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé àfi ìwé rẹ̀. Òun ló rí i pé géèmù ti dé ẹnu ọ̀nà ogun ìkẹyìn.

"Tẹ̀ ẹ́, jẹ́ ká wò ó!"

"Bọ̀dá mi ní kí n dúró."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àgbàyà! Ó fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ bọ̀dá kó tó tẹ bọ́tìnì. Ṣé wọ́n ṣì ń wẹ̀ fún ẹ ni?"

Ẹ̀rín yẹn dun Aláriwo wọ egungun. Ó mú páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù. Ohun tó rò ni pé òun yóò tún ogun náà jà ní Sátidé. Ta ló máa mọ̀?

Ogun náà le. Gbogbo akọni ṣubú, ojú tẹlifíṣàn sì ṣókùnkùn. Nígbà náà ni ohùn kan dún, ohùn arúgbó tí wọ́n pọnmi fún: "Ọmọ mi, dìde." Ọmọ tó sọ ológbò rẹ̀ nù pè wọ́n. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ ya pè wọ́n. Gbogbo ẹni tí ẹ̀gbọ́n dúró ràn lọ́wọ́, tí Aláriwo ń kùn sí, ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àwọn akọni fi dìde, tí wọ́n sì ṣẹ́gun fúnra wọn. Aláriwo pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni ìràwọ̀ wúrà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n pa géèmù wọn mọ́ sí, àmì pé wọ́n ti jà á tán. Kò ṣeé pa rẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá tan ẹ̀rọ, yóò rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn.

"Wáyà ẹ̀rọ géèmù ti jó, Bọ̀dá mi. Mo ti sọ ọ́ nù." Abẹ́ ibùsùn Aláriwo ni wáyà náà wà.

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Kò burú. Tí mo bá dé."

Òtítọ́ dé ọ̀nà ọ̀fun Aláriwo, ó gbé e mì.

Iṣẹ́ abẹ náà kò yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, òkùnkùn ni ẹ̀gbọ́n bá. Ìyá wọn sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹ̀gbọ́n kò sunkún. Ṣe ló ń fọwọ́ pa ògiri ilé tí wọ́n bí i sí, ó ń wá ìlẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, ó ní, "Aláriwo, wá wáyà, ká ja ogun wa. Èmi á máa gbọ́, ìwọ máa ròyìn."

Aláriwo fa wáyà náà yọ lábẹ́ ibùsùn, ó sì jà á. Ó ń ròyìn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn akọni ṣubú. Ó gbé páàdì sílẹ̀. Ohùn arúgbó dún.

"Ìyá olómi nìyẹn!" Ẹ̀gbọ́n fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n rántí wa! Ọmọ tó sọ ológbò nù nìyẹn!" Ó gbé ọwọ́ sókè láti lu etí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ náà dúró lókè.

"O ò pariwo," ó ní. "O sì ti gbé páàdì sílẹ̀ kí arúgbó tó sọ̀rọ̀."

Aláriwo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"O ti rí i rí. Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Bọ̀dá mi."

"Wáyà ńkọ́?"

"Kò jó."

Ẹ̀gbọ́n rọra jókòó. "Ojú mi ṣì ń ríran lọ́jọ́ Sátidé," ó ní. "Ǹ bá bú ẹ ni, ká sì jọ wò ó."

Orin ìṣẹ́gun ń dún nínú tẹlifíṣàn, kò sẹ́ni tó bá a kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ti dárí jì í, wọ́n sì jọ ń gbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá yẹ àdéhùn, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí èébú kì í pa ọmọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí irọ́ yóò ti jẹ tán kí òtítọ́ tó dé.