Ìrìn Ojú Àlá

Ìkùukùu funfun bo odò. Èmi àti Bàbá ń rìn lọ létí omi, ọwọ́ mi wà nínú ọwọ́ wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń tukọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ̀ wọ́n rárá. Nígbà tí mo lajú, orí ẹní mi ni mo wà, nílé wa ní àdúgbò Yantala, oòrùn sì ti là. Mo fa ìwé ìlera Bàbá jáde, mo fi èdè Faransé kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìrìn, ogójì ìṣẹ́jú."

Ọjọ́ kọkànlélógún tí mo ti ń rìn lójú oorun nìyẹn.

Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe Bàbá. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ta aṣọ ní Niamey, olú ìlú Niger. Wọ́n gbọ́ Haúsá dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ Faransé kà. Èmi Mọ́rìlíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni akọ̀wé wọn. Dókítà Hàdìzà ti fi Haúsá ṣàlàyé fún wa.

"Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀, bí irin ṣe ń dípẹtà. Ìrìn ojoojúmọ́ ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe máa bá ìpẹtà náà jà. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un. Àṣejù òjijì kò dára." Dókítà yíjú sí mi. "Ìwọ ni kí o máa bá wọn rìn, kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo gbà. Ṣùgbọ́n oorun ìdájí dùn, àlá mi sì dára débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé irọ́ mi kì í ṣe irọ́ gidi.

Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ Bàbá jáde, èmi nìkan ni mo lọ gbà á. Dókítà yẹ ìwé náà wò.

"Wọ́n ń rìn tó báyìí, ṣúgà ò sì wálẹ̀? A jẹ́ pé oògùn ni kò tó."

Dókítà fi kún oògùn. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo gba oògùn náà, mo sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá kírun àsùbáà, wọ́n lo oògùn tuntun, wọn kò jẹun, wọ́n sì dá jáde lọ rìn. Àwọn tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ létí odò ló rí wọn nílẹ̀, òógùn bò wọ́n, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí Bàbá lajú, Dókítà ṣí ìwé náà. "Ẹni tó ti ń rìn láti bí oṣù kan, báwo ni ìrìn àárọ̀ kan ṣe gbé e ṣubú?"

"Wọn ò rìn rí," ni mo wí, omijé ń bọ́ lójú mi. "Mo purọ́ ni. Mò ń sùn."

Dókítà pa ìwé náà dé. "Ìwé yìí ni mo ti ń tọ́jú, kì í ṣe bàbá rẹ."

Bàbá gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. "Ẹ má bá a wí jù. Gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, n kì í fẹ́ jí i. Lónìí ni mo ní kí n dá lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Wọ́n dín oògùn náà kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo jí Bàbá. Wọ́n jẹun, a jáde, a rìn dé ìdí igi máńgò kan, ó rẹ̀ wọ́n, a sì padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án."

Ẹni tó bá purọ́ fún dókítà, aláìsàn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án òótọ́ ṣe Bàbá mi láǹfààní ju gbogbo ogójì tí mo rìn lójú àlá.