Pátákó Ẹgbẹ̀rún Mítà

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni Jerneja kọ́kọ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú igi páìnì kan, ó ń fi ìbọ̀wọ́ gbá yìnyín kúrò lára pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ igi náà, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń nu imú ọmọ ọwọ́. Fìlà rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ sì pupa ju fìlà lọ. Oòrùn oṣù kìn-ín-ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òkè, gbogbo ilẹ̀ funfun báláú, ọkùnrin yìí sì di ọ̀nà tóóró náà pa tí kò sẹ́ni tó lè kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibẹ̀ lẹ máa sùn ni?" Jerneja bi í.

Inú ti ń bí i kó tó débẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni Màmá Lojzka ti wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé tó yẹ kó fi sinmi kúrò nínú wàhálà kẹ́míìsì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni Màmá Lojzka, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì kò gbọ́dọ̀ máa jókòó sílé bíi ìkòkò. Ló bá so bàtà yìnyín mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bàtà fífẹ̀ pẹrẹsẹ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì sínú yìnyín. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa rìn gbàgà-gbàgà bíi pẹ́pẹ́yẹ tó jẹun yó. Bàbá Ciril, ọkọ Màmá Lojzka, sì ti ń dúró nídìí gbogbo òkúta láti ìsàlẹ̀ wá, ó ń sọ ìtàn òkúta kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú," ọkùnrin náà ní. "Pátákó yìí ni mò ń wá."

"Gorazd! Ibí lo wà!" Màmá Lojzka pariwo láti ẹ̀yìn. "Jerneja, ẹni tí Ciril kọ́ níṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n nìyí. Ọmọ dáadáa ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́fà."

"Màmá!" Jerneja àti ọkùnrin náà ké lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ẹgbẹ̀rún mítà ni wọ́n kọ sára pátákó náà, ìyẹn bí ibẹ̀ ṣe ga tó láti ojú òkun. Nílẹ̀ Slovenia yìí, àgbàlagbà méjì lè jọ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kí wọ́n máa pe ara wọn ní "ẹ" títí. Ṣùgbọ́n òkè kò mọ ọ̀gá. Béèyàn bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún mítà, "ẹ" parí, gbogbo ayé di "o". Ọmọ ogún ọdún lè sọ fún ẹni ọgọ́rin ọdún níbẹ̀ pé "gbé àpò rẹ wá", kò sì sẹ́ni tó máa gbá a létí. Jerneja ní tirẹ̀ kò lè pe Màmá Lojzka àti Bàbá Ciril ní "o" láéláé, ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

Gorazd wo aago gàdàgbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo pátákó. Ó tún wo aago. Lẹ́yìn náà ló fa apá kóòtù rẹ̀ bo aago náà, ó sì wúkọ́.

"Káàárọ̀, Jerneja," ó ní. "Ṣé o sùn dáadáa?"

"Wọn ò jẹ́ kí n sùn," Jerneja dáhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀.

Báyìí ló di pé gbogbo Sátidé ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gòkè. Lókè, Gorazd dùn ju oyin lọ. Ó máa ń bó ọsàn fún Jerneja nítorí pé ìka rẹ̀ ti kú fún òtútù. Bí Jerneja bá sì ṣubú, á fà á dìde, á ní, "Rọra, pẹ́pẹ́yẹ mi. Ta ló ń lé ẹ?" Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n fi ń dúró de àwọn àgbà méjì náà tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó gbàgbé fúláàsì tíì sílé, ṣùgbọ́n Jerneja kò bìkítà mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá pátákó náà báyìí, Gorazd á tún ohùn rẹ̀ ṣe, á ní, "Ẹ rọra o, Jerneja, ọ̀nà ń yọ̀."

Lákọ̀ọ́kọ́, Jerneja rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà kejì, ó wò ó lójú. Nígbà tó máa fi di ìgbà karùn-ún, ó ti ń ṣe é bíi kó hú igi páìnì náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé fóònù wá láti ìlú ńlá máa ń sọ pé pátákó yẹn kò tọ̀nà. Bàbá Ciril á ní fóònù ló ń purọ́. Jerneja kò mọ èyí tó ń purọ́, ó kàn mọ̀ pé òun kórìíra pátákó náà.

Ọkùnrin yìí tún máa ń wá sí kẹ́míìsì láàárín ọ̀sẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú súìtì ikọ́."

Kò wúkọ́ rárá. Páálí mẹ́rin ló rà lóṣù kan.

"Ikọ́ yín yìí, ṣé ó ti ń sàn?" Jerneja á bi í, á sì gbé súìtì náà lélẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣé o."

Oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Tadeja, àbúrò Jerneja tó ń gbé ní Izola létí òkun, fẹ́ ṣí kẹ́míìsì tirẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá kí àwọn jọ ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù náà ló fẹ́ gbọ́ èsì. Jerneja bá ara rẹ̀ pinnu pé bí ọkùnrin yìí bá lè pe òun ní "o" nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, òun á dúró. Bí kò bá lè ṣe é, òun á di ẹrù òun. Màmá Lojzka nìkan ló sọ fún, ó sì mú un búra pé kò ní sọ. Ìyá tí kì í lè pa àṣírí mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ gan-an ló wá ya odi.

Ní Sátidé náà, yìnyín ti ń yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n dé ilé ìsinmi tó wà lókè, wọ́n bu ọbẹ̀ ọkà báálì, ibẹ̀ ni Jerneja ti sọ ọ́.

"Mo lè lọ sí Izola. Mo lè máà padà wá."

Ṣíbí Gorazd dúró lójú ọ̀nà. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Òkun dára," ó ní. "Afẹ́fẹ́ òkun dára fún ẹ̀dọ̀fóró."

"Ẹ̀dọ̀fóró mi ò dùn mí, Gorazd."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní ó dára fún un ni."

"Ta ló máa jẹ sọ́sééjì tó kù yìí?" Bàbá Ciril béèrè. Màmá Lojzka sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí pátákó. Gorazd tún ohùn rẹ̀ ṣe.

"Ẹ rọra o, Jerneja. Ọ̀nà ń yọ̀."

Ó tán! Jerneja yíjú padà, ó gbé ọ̀pá tó fi ń rìn sókè, ó fi gbá pátákó náà, gbàù!

"Ẹ rọra, ẹ rọra! Ṣé ọ̀tọ̀ ni èmi tó wà lókè, ọ̀tọ̀ ni èmi tó wà nísàlẹ̀ ni? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ilẹ̀, èwo nínú wa lẹ fẹ́ràn?"

Gorazd na ọwọ́, ó di pátákó tó ń mì náà mú.

"Ciril," Màmá Lojzka ní, "sọ òtítọ́ fún ọmọ yìí kó tó wó igi lù wá."

"Òtítọ́ wo?"

"Ciril!"

Bàbá Ciril mí kanlẹ̀. Ó gbá yìnyín kúrò lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi náà, ó jókòó.

"Ibí yìí kọ́ ni ẹgbẹ̀rún mítà," ó ní. "Ó fi ọgọ́rin mítà dín. Ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ àwọn agunkè ní kí n wá kan pátákó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni Lojzka yìí máa ń gòkè pẹ̀lú ìyá rẹ̀, orúnkún ìyá rẹ̀ kò sì dáa. Bí wọ́n bá ti dórí bẹ́ǹṣì yìí, ó parí nìyẹn, wọ́n á ṣẹ́rí padà. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n máa pe ẹni tí mo fẹ́ ní 'ẹ' títí màá fi kú?"

"Ó gbé òkè wá bá mi," Màmá Lojzka ní, ó ń ṣe fìlà ọkọ rẹ̀ dáadáa. "Olè."

Jerneja fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí nǹkan kan ṣe sọ sí i lọ́kàn. Ó wo Gorazd.

"Aago tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ṣe bí ó máa ń sọ bí ibi téèyàn wà ṣe ga tó?"

Etí Gorazd pupa bí ẹyin iná. "Ó máa ń sọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ pé pátákó yìí kò tọ̀nà?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Ó wo ilẹ̀. "Ó ku ọgọ́rin mítà. Mi ò lè dúró dè é."

Jerneja kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun fi ọ̀pá gbá ọkùnrin náà. Ọkùnrin tí kì í sọdá títì láìjẹ́ pé iná ojú títì di àwọ̀ ewé, kódà bí kò bá sí ọkọ̀ kankan, ló ti ń rú òfin òkè ní gbogbo ìgbà òtútù nítorí òun. Ọkàn rẹ̀ yọ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń padà sí 'ẹ'?"

"Lókè, pátákó ló fún mi láyè. Bí o bá… bí ẹ bá kọ̀ mí, màá ní òfin òkè ni. Nísàlẹ̀, mi ò ní àwíjàre kankan."

"Ẹ tún gbé e mì!" Jerneja pariwo. "Ó ti dé ẹnu yín, ẹ tún gbé e mì! Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ò ní dúró de òfin yín o." Ó sì bá ìsàlẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

Níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò nísàlẹ̀, ó jókòó, ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà Tadeja.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ń bọ̀?"

Jerneja fẹ́ dáhùn. Ìgbà náà ló gbọ́ ariwo kan lórí ọ̀dà, gbàgà-gbàgà, gbàgà-gbàgà. Gorazd ni. Kò bọ́ bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀, ó ń fi sáré lórí títì gbígbẹ, fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì sì ń yà fún un. Ó dúró níwájú Jerneja, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Jerneja, má lọ."

Jerneja wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ. Ìwọ tó wà lókè, ìwọ tó wà nísàlẹ̀, ẹnì kan náà ni. Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò sì ní àwíjàre."

"Mítà mélòó la wà yìí?"

Ọwọ́ Gorazd gbéra láti wo aago bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì!" Bàbá Ciril ké láti òkèèrè.

"Pa ẹnu mọ́, Ciril!"

Tadeja ń pariwo nínú fóònù pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Jerneja gbé e padà sétí. Omijé ti dé ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Tadeja, má bínú, mi ò ní lè wá. Ẹnì kan ní kí n má lọ."

"Ta ni?"

Jerneja wo bàtà yìnyín tó wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà lórí ọ̀dà.

"Pẹ́pẹ́yẹ kan ni," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí Gorazd.

Oṣù kẹfà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé ẹ̀sùn àwọn ọ̀dọ́ onífóònù pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agunkè, ẹgbẹ́ sì rán awọnlẹ̀ kan kó lọ wo pátákó náà bóyá ó tọ̀nà. Gorazd ni wọ́n rán. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ gòkè, koríko ti hù níbi tí yìnyín wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Gorazd yọ fọ́ọ̀mù, ó kọ nǹkan sí i, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

"Jẹ́ kí n rí i," Jerneja ní.

Ó ti kọ ọ́ pé: Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ibi tó yẹ kó wà náà ló wà.

"Òpùrọ́," Jerneja ní, ó sì gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀.