Bàbá Fọ Wàràkàṣì Mi

Atawẹẹrẹ ni wọ́n ń pè é.
Ó kéré. Ó gbóná. Tó bá bínú, omi tútù inú ìkòkò máa ń hó.
Mi ò purọ́. Mo ti fi omi náà po tíì mu rí.

Lónìí, Atawẹẹrẹ jí, inú rẹ̀ ń dùn.
Lónìí ni Màmá ń bọ̀ láti ọsíbítù.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá fi wà níbẹ̀. Lójú Atawẹẹrẹ, ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún lé ọjọ́ kan.

Dókítà ti kìlọ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ oúnjẹ tó le. Oúnjẹ tó fúyẹ́ nìkan."
Oúnjẹ tó le? Ìrẹsì Bàbá nìyẹn.
Adìẹ kan ṣá ìrẹsì Bàbá jẹ nígbà kan. Àgógó rẹ̀ kán. Títí dòní, tí adìẹ yẹn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń kọ lẹ́tà.

Atawẹẹrẹ ti sọ fún Màmá lórí fóònù pé, "Èmi ni màá se oúnjẹ yín. Wàràkàṣì ewúrẹ́ ni. Ó fúyẹ́ bí òwú."
"Ṣé wàá lè ṣe é?"
"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."
Màmá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Màá gbé ebi bọ̀ wálé."

Lánàá, Atawẹẹrẹ se wàrà ewúrẹ́. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Wàrà náà dì.
Ó dà á sínú aṣọ funfun. Ó so ó ní kókó. Ó fi kọ́ ìṣó nínú ilé ìdáná, kí omi rẹ̀ lè kán sínú abọ́.
Tó. Tó. Tó.

Ní báyìí, Atawẹẹrẹ sáré wọ ilé ìdáná. Ó wòkè.
Ó rí ìṣó.
Ìṣó nìkan ló rí.

Ó wo inú abọ́. Omi wà níbẹ̀.
Ó wo abẹ́ tábìlì. Aáyán kan wà níbẹ̀. Aáyán náà wo ojú Atawẹẹrẹ, ó sì kó kúrò ní àdúgbò.
"Ta ló mú wàràkàṣì mi?"

Ariwo kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.
Wọ̀ṣọ̀, wọ̀ṣọ̀, wọ̀ṣọ̀.

Alágbàfọ̀ ni Bàbá Atawẹẹrẹ. Aṣọ yòówù tó bá ń kán, wọ́n á fọ̀ ọ́.
Nígbà kan, wọ́n fọ kọ́tìnnì mọ́ aládùúgbò tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Aládùúgbò náà mọ́ débi pé kò tíì wẹ̀ láti ọdún yẹn.

Atawẹẹrẹ dé ẹ̀yìnkùlé. Ìfófòó ọṣẹ ti mu Bàbá dé àyà.
"Bàbá, kí lẹ ń fọ̀?"
"Aṣọ funfun kan ni. Ó ń kán nínú ilé ìdáná. Mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́, nǹkan funfun kàn ń jáde lára ẹ̀ ṣáá."

"Bàbá. Wàràkàṣì Màmá nìyẹn."

Bàbá dúró. Wọ́n wo ọpọ́n. Wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn.
"Ẹn-hẹn. Mo ní kí ló ń rùn bí ewúrẹ́."
Bàbá wá rẹ́rìn-ín.
Kékeré ni o. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìbínú Atawẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Ó gun orúnkún. Ó gun ikùn. Ó gun ọrùn. Ó dé orí.
Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Gbì.
Ìdérí ìkòkò fò. Gbàgà.
Gbogbo aṣọ orí okùn gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣòkòtò kan já bọ́, ó dìde, ó sá lọ.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín. Màmá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ń gbé ebi bọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?"
"Ṣé kí n se ìrẹ..."
"Rárá."
"Ìrẹ..."
"Bàbá, rárá."

Bàbá wo ojú ọmọ wọn. Omijé ti kún un. Ó ń hó ṣùṣù.
Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.
"Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò tú u wò kí n tó fọ̀ ọ́."
"Mò ń bínú."
"Ó dáa, máa bínú. Kí la máa wá ṣe?"

Atawẹẹrẹ gbé garawa. Ó lọ bá ewúrẹ́.
Onírùngbọ̀n lorúkọ ewúrẹ́ náà.
Atawẹẹrẹ fi ìbínú fún ọmú rẹ̀.
Tàì. Onírùngbọ̀n ta garawa nípàá. Garawa lọ sí ojú ọ̀run, ó rí òṣùpá, ó kí i, ó padà wá.

"Ìwọ náà?" ni Atawẹẹrẹ wí.
"Mẹ̀ẹ̀," ni Onírùngbọ̀n wí. Òun náà ń bínú.
Wọ́n wo ara wọn.
Atawẹẹrẹ mí. Fúù. "Mi ò bá ẹ jà. Bàbá ni mò ń bá jà."
Onírùngbọ̀n wo Bàbá. Bàbá ti fi ọṣẹ fọ irùngbọ̀n rẹ̀ rí.
"Mẹ̀ẹ̀," ló wí. Ó gbà kí wọ́n fún òun.
Ṣùrù, ṣùrù, ṣùrù. Garawa kún.

Wọ́n gbé wàrà kaná. Gbòtò, gbòtò.
Atawẹẹrẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Wàrà dì, omi rẹ̀ sì ya sọ́tọ̀.
Ó dà á sínú aṣọ tó mọ́. Ó so ó. Ó fi kọ́ ìṣó.
Tó.
Ó dúró.
Tó.

Oòrùn ti gòkè. Wàràkàṣì àná ti fi odindi òru kán.
"Kò ní yá," ni Atawẹẹrẹ wí. "Màmá á dé, kò ní tíì yá."
Bàbá wo ilẹ̀.
Atawẹẹrẹ wo ọwọ́ Bàbá.

Ọwọ́ alágbàfọ̀ ni.
Tí ọwọ́ yẹn bá fún bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹja inú odò á pariwo pé omi ti pọ̀ jù.

"Bàbá, ẹ fún un."
"Èmi?"
"Ẹ kọ́kọ́ fọ ọṣẹ kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta."
Bàbá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n tún fi ẹ̀ẹ̀kẹrin sí i, torí ojú tí Atawẹẹrẹ fi ń wò wọ́n.

Bàbá di aṣọ mú. Wọ́n lọ́ ọ. Wọ́n fún un.
Ṣọ̀ọ̀ọ̀. Omi dà.
"Ẹ rọra. Kì í ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì."
Bàbá rọra. Ṣọ̀ọ̀.
"Ó ku díẹ̀. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù wá. Èyí tó tutù o."

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù ńlá wá. Ó wúwo bí erin méjì tó yó.
Wọ́n gbé e lé wàràkàṣì lórí, nínú aṣọ rẹ̀.
Atawẹẹrẹ fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ń kà. Ó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
Bàbá na ìka kan.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án."
Bàbá ká ìka wọn padà.

Atawẹẹrẹ tú aṣọ.
Wàràkàṣì ti dúró. Ó funfun. Ó rọ̀.
Kò rí roboto. Ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi ti áyọ́ọ̀nù.

"Ẹ gé tòmátò, Bàbá. Kó tẹ́ẹ́rẹ́."
Bàbá gé e.
"Kó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."
Bàbá gé e títí èèyàn fi lè rí ìwé kà láti òdìkejì rẹ̀.
Atawẹẹrẹ yan búrẹ́dì. Ó to tòmátò lé e. Ó to wàràkàṣì lé tòmátò. Ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó kán òróró sí i.

Kò, kò, kò.
Màmá ti dé.
Màmá rù. Màmá rọra jókòó. Atawẹẹrẹ gbé àwo síwájú wọn.

Màmá gé e jẹ. Wọ́n rún un lẹ́nu. Wọ́n gbé e mì.
Onírùngbọ̀n ti ojú fèrèsé wò.
Màmá fọwọ́ lé ikùn. Wọ́n dúró díẹ̀.
"Ó fúyẹ́," ni Màmá wí. "Kò ni mí lára rárá."
Wọ́n mú òmíràn. Wọ́n tún mú òmíràn.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tó rí bí áyọ́ọ̀nù?"
Atawẹẹrẹ wo Bàbá. Bàbá wo àjà.
"Ẹ bi Bàbá."
Bàbá sọ ọ́, láti orí ìṣó títí dé orí ọṣẹ. Màmá rẹ́rìn-ín títí tí àga fi ń jó.

Ìbínú Atawẹẹrẹ sọ̀kalẹ̀. Ó kúrò lórí. Ó kúrò lọ́rùn. Ó kúrò níkùn.
Ó ku bíńtín ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, bí èso ata kan ṣoṣo. Ó fi pamọ́. Èèyàn ò mọ ìgbà tí Bàbá tún máa fọ nǹkan.

Nírọ̀lẹ́, ó ṣe wàràkàṣì mìíràn, ó fi kọ́ ìṣó.
Ó wá àkísà funfun kan. Ó fi ínkì kọ ọ́ gàdàgbà pé:
WÀRÀKÀṢÌ NI MÍ. Ẹ MÁ FỌ̀ MÍ.
Ó fi àkísà náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Atawẹẹrẹ sáré wọ ilé ìdáná. Ó wòkè.
Wàràkàṣì wà níbẹ̀. Tó. Tó. Tó.
Àkísà ni kò sí níbẹ̀.

Wọ̀ṣọ̀, wọ̀ṣọ̀, wọ̀ṣọ̀.

"Bàbá."
"Mi ò fọwọ́ kan wàràkàṣì o," ni Bàbá wí láti inú ìfófòó. "Ṣùgbọ́n ínkì ta sí aṣọ kan báyìí."

Atawẹẹrẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó fẹ́ fi janlẹ̀.
Ó wá rẹ́rìn-ín.
Kékeré ni o. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.