Oúnjẹ Ọjọ́ Kẹsàn-án

Ó ti pẹ́ tí kannakánná ti ń kọ oúnjẹ ìyá Sulabha. Lọ́dọọdún, nígbà tí òṣùpá àwọn òkú bá ń dín kù, gbogbo ilé tó wà létí òkun Konkan a máa gbé ìrẹsì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níta, ní ọjọ́ òṣùpá tí ẹni wọn kú. Bí kannakánná bá ti jẹ ẹ́, òkú ti jẹun nìyẹn. Ọjọ́ kejìlá ni ìyá Sulabha kú, ọjọ́ kejìlá náà ni ọmọ rẹ̀ sì ń gbé oúnjẹ jáde. Ẹyẹ a bà, a wo oúnjẹ náà, a sì fò lọ.

“Kannakánná tó ń jẹ òkú eku ló ń kọ oúnjẹ tìẹ!” Anusuya aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Àbí o kì í fi iyọ̀ sí i ni?”

Sulabha a bá a rẹ́rìn-ín, bó bá wọlé tán, a sunkún. Ebi ń pa ìyá òun níbi tó wà, òun kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Ìyá náà kúkú jìyà láyé. Sulabha ṣì ń rákòrò nígbà tí Dattaram, bàbá rẹ̀, bá ọkọ̀ apẹja lọ tí kò dé mọ́. Wọ́n retí títí, ó sú wọn. Àwọn àgbà fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá náà, wọ́n nu àmì pupa abilékọ tó wà níwájú orí rẹ̀ kúrò, ó di opó. Bí opó náà ló ṣe kú.

Lọ́dún yìí, ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, Sulabha ń dáná lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí omi ń kán lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Obìnrin kan dúró níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni. Àmì pupa iwájú orí rẹ̀ ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gbà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín, síbẹ̀ etí aṣọ rẹ̀ ń kán omi.

“Òní lọjọ́ àwa abilékọ,” ló sọ jẹ́jẹ́. “Ṣé kò sí nǹkan fún mi ni?”

Obìnrin tó bá kú tó fi ọkọ sílẹ̀ láyé ló ni ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ yòówù kó kú. Abilékọ kan ni wọ́n máa ń pè kó wá bá a jẹun, wọn a sì fún un ní ẹ̀gbà ọwọ́.

“A ò ní irú òkú bẹ́ẹ̀ nílé yìí, àbúrò mi,” ni Sulabha wí. “Ṣùgbọ́n jókòó. Ebi ò ní lé ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.”

Obìnrin náà jẹun bí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lá ìka rẹ̀. “Ọwọ́ ẹ dùn, ọmọ mi.”

“Ọmọ ta? Èmi tí mo jù ẹ́ lọ!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ òfìfo rẹ̀ síwájú. Sulabha yọ díẹ̀ nínú ẹ̀gbà onídígí aláwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́. Ọwọ́ náà tutù bí ẹja. Ó fi ọwọ́ tútù yẹn pa Sulabha lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Bu ti àlejò sílẹ̀,” ló wí, ó sì jáde.

Sulabha gbé ewé àjẹkù náà síta. Kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kannakánná fi bò ó, wọ́n ṣa á jẹ, kò ku hóró kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá arúgbó kan kan ilẹ̀kùn, àpò kékeré wà léjìká rẹ̀.

“Ṣé ilé Dattaram nìyí?”

“Òun ni. Ta lẹ ń wá, Bàbá?”

“Èmi ni Dattaram.” Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìjì ló gbé àwọn wọ omi orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì fi àwọn sí láti ìgbà náà. “Mi ò tiẹ̀ dá ọ̀nà mọ̀ mọ́. Ìyá ẹ ló wá pàdé mi níbùdókọ̀. Iwájú ló ń rìn, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dún. Mo ní kó dúró dè mí, kò dúró. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ló ṣe wà, kò darúgbó rárá.” Ó na ọrùn wo inú ilé. “Ibí ló yà sí. Pè é, ká jọ jẹun.”

Ó wá yé Sulabha. Opó kọ́ ni ìyá òun nígbà tó kú. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú.

“Bàbá mi,” ló wí, “Màmá ti jẹun. Ẹ wọlé, wọ́n ní kí n bu tiyín sílẹ̀.”