Ọkọ̀ Tó Ń Gba Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Mi Kọjá

Mi ò purọ́ mọ́ ìyá mi nígbà tí wọ́n wà láyé. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ti kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi ló gbọ́ ọ, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ilé wa wà ní Ọ̀rányàn. Àlájà Kúbúrá ni ìyá tó bí mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà la sin wọ́n sí. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ojú irin àtijọ́ kan gbà. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ kankan ò ti gba ibẹ̀ mọ́; ewúrẹ́ ló ń jẹko lórí rẹ̀. Àfi bí ìjọba ṣe ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà tíráàmù, ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn lórí irin, tí yóò máa kó èrò káàkiri ìgboro. A yọ̀. A ò mọ̀ pé ojú irin àtijọ́ yẹn wọ́, wọ́n sì fẹ́ kí tuntun tọ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri wa, wọ́n wó o.

"Sàréè ìyá mi ńkọ́?" Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, ọ̀gá àwọn tó gba iṣẹ́ náà.

"A ti kó wọn lọ sí ìtẹ́ òkú, mà."

"Ìtẹ́ òkú wo? Lójú ta?"

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò lè júwe ibi tó sin ìyá mi sí ló ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń gba orí ìyá oníyàá kọjá. Àwọn èrò ń tàkúrọ̀sọ. Bí a ṣe dé ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀, gbogbo ariwo dákẹ́. A ò gbọ́ ìró irin mọ́. Òórùn róòbù gba inú ọkọ̀. Ìyá mi kì í sùn láìfi róòbù pa orúnkún.

Ohùn kan jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

"Ta ló ń wọlé láìkágò?"

Obìnrin tó jókòó tì mí fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Hezekiah, awakọ̀ wa, tẹ bíréèkì. Èmi mọ ohùn náà. Ọmọ tó bá já wọlé ìyá mi láìkágò, wọ́n á lé e padà síta kó lọ kágò.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Mo padà lọ bá Ọládipọ̀.

"Abẹ́ irin yín ni ìyá mi wà. Ẹ wú wọn fún mi, kí n lọ tún wọn sin."

"A máa wá nǹkan ṣe sí i, mà."

Ẹ wo nǹkan tí wọ́n ṣe. Wọ́n gba ohùn ọmọkùnrin kan sílẹ̀, wọ́n fi sínú sípíkà ọkọ̀. Tó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibẹ̀, ohùn náà á ní, "Àgò o." Ìyá mi á dáhùn lábẹ́ ilẹ̀ pé, "Àgò yà." Ọkọ̀ á kọjá. Àwọn èrò wá ń rẹ́rìn-ín báyìí. Wọ́n ń na fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Ìyá mi, tí kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fẹ́nikẹ́ni rí, ni ẹ̀rọ ń dà láàmú látàárọ̀ títí di alẹ́. Ojú ò tì wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo tún wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kágò. Ìyá mi dáhùn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

"Qúdrát ńkọ́?" Àwọn èrò ọkọ̀ tí ìyá mi kà sí àlejò ni wọ́n ń bi. "Ṣé kò tíì dé ni?"

Orúkọ mi nìyẹn. Mo dìde, mo ń lu gíláàsì tó wà lẹ́yìn Hezekiah.

"Dúró. Èmi ni wọ́n ń pè."

"Kò sí ibùdókọ̀ níbí, mà." Kò bojú wẹ̀yìn.

Kí n tó ráyè dáhùn pé èmi rèé, a ti dé ibùdókọ̀ Oríta-mẹ́rin.